Tẹlifíṣọ̀n díjítà ọ̀fẹ́: Kí ló dé tí òpó éríà àtijọ́ ṣì dúró lórí òrùlé n'Ìwó?

Àwọn àgbà ló máa ń béèrè pé bí èèyàn bá fi ọdún mẹ́ta ṣánpá, ọdún mélòó ni yóò fi fò? Ìbéèrè yìí bá ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n díjítà mu gẹ́lẹ́ ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọdún 2006 ni Nàìjíríà ti bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn fẹnu kò lórí rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí i ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Síbẹ̀, láti ọjà Odò-Orí n'Ìwó títí dé àwọn abúlé tó wà lọ́nà Ilé-Ogbó, òpó éríà àtijọ́ ṣì wà lórí òrùlé, tí wọ́n fi wáyà so mọ́ igi tàbí páìpù, tí ọmọ ilé á sì máa jáde lọ yí i nígbà tí àwòrán bá dàrú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá àgbà ni kò ní fóònù tó ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ráyè owó oṣooṣù tí àwọn tó ń ta dìkódà olówó ń gbà. Orí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìròyìn lédè Yorùbá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọjọ́ ìdìbò, ìkéde abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Bí ìjọba bá pa ti àtijọ́ kí tuntun tó dé ilé wọn, àwọn wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ wà nínú òkùnkùn.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ DÍJÍTÀ?

Ní ọ̀nà àtijọ́, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan ló máa ń gba ojú òpó tirẹ̀ lójú afẹ́fẹ́. Bí ìlú bá ní ilé-iṣẹ́ márùn-ún, ojú òpó márùn-ún ni wọn yóò gbà. Ṣe ni ó dà bí ìgbà tí èèyàn kan ṣoṣo bá jókòó sínú ọkọ̀ akérò ńlá kan. Díjítà ni ó kó àwọn èrò jọ sínú ọkọ̀ kan náà: ojú òpó kan péré lè gbé ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwòrán rẹ̀ máa ń mọ́ kedere, ohùn rẹ̀ sì máa ń já gaara.

Ojú òpó tó bá ṣẹ́kù ni ìjọba lè tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, kí íntánẹ́ẹ̀tì lè túbọ̀ yára. Àǹfààní yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ìjọba káàkiri ayé tẹ̀ lé ọ̀nà náà. Ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ MTN san nǹkan bíi bílíọ̀nù 34 náírà fún ojú òpó 700 MHz, nínú owó yìí sì ni ìjọba ti ní òun yóò máa ná owó iṣẹ́ díjítà.

Àmọ́ tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́ kò lè dá ka ohun tí díjítà bá gbé wá. Ó nílò dìkódà tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un, bí ògbufọ̀ ṣe máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ èdè. Ohun kan tún wà tí ó máa ń ya àwọn òǹwòran lẹ́nu. Bí àtijọ́ kò bá lágbára tó, àwòrán á máa ṣe bí ìgbà tí òjò ń rọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn á ṣì máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Díjítà kò mọ àárín. Bó bá dára, ó dára pátápátá. Bó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, àwòrán á gé sí wẹ́wẹ́ bí àwo tó fọ́, lẹ́yìn náà ojú tẹlifíṣọ̀n á ṣókùnkùn. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń rí àwòrán olójò ní àtijọ́ fi lè ra dìkódà tuntun kó má rí nǹkan kan rárá.

LÁTI ÌBÀDÀN DÉ GENEVA

Ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ṣí WNTV ní Ìbàdàn. Àwọn tó ti dàgbà ṣì rántí bí gbogbo àdúgbò ṣe máa ń kóra jọ sí ilé ẹnì kan ṣoṣo tó ní tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n rántí Moses Ọláìyá, ìyẹn Bàbá Sàlá, wọ́n sì rántí Olóyè Oyin Adéjọbí pẹ̀lú Kóòtù Aṣípa. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra tẹlifíṣọ̀n, tó sì na éríà, ti bọ́ lọ́wọ́ owó.

Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè tó lé ní 100 láti Yúróòpù, Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn parí ìpàdé kan ní Geneva, lábẹ́ àjọ ITU tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé. Wọ́n fẹnu kò pé kí gbogbo wọn kúrò lórí ọ̀nà àtijọ́ nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 17 Oṣù Kẹfà ọdún 2015. Ọdún 2007 ni ìjọba Ààrẹ Umaru Yar'Adua fọwọ́ sí i pé kí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀. Ìjọba tilẹ̀ fi ìgboyà sọ pé òun yóò ti parí iṣẹ́ ní Oṣù Kẹfà ọdún 2012, ọdún mẹ́ta gbáko ṣáájú àwọn yòókù.

Ọdún 2012 dé, ó kọjá. Ọdún 2015 dé, ó kọjá. Wọ́n tún mú Oṣù Kẹfà ọdún 2017, ìyẹn náà kọjá. Àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ka ìdí rẹ̀ sí oríṣiríṣi: owó tí kò jáde lásìkò, dìkódà tí kò tó, àìgbọ́ra-ẹni-yé láàrin àwọn tó gba iṣẹ́ náà, àti ìjọba tó ń yí padà.

Ọjọ́ 30 Oṣù Kẹrin ọdún 2016 ni díjítà ọ̀fẹ́ tó wá ń jẹ́ FreeTV kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Jos. Ìjọba bá àwọn aráàlú san nínú owó dìkódà níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé 1,500 náírà ni wọ́n ń tà á. Abuja tẹ̀ lé e ní Oṣù Kejìlá ọdún náà. Ìlọrin àti Kàdúná ló kàn ní ọdún 2017.

Ọ̀ṢUN LÓ ṢÁÁJÚ NÍ GÚÚSÙ ÌWỌ̀ OÒRÙN

Nígbà tí ìjọba ń yan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí yóò ṣojú ẹkùn rẹ̀ nínú ìdánwò náà, Ọ̀ṣun ni wọ́n mú fún Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn, Enugu sì ni fún Gúúsù Ìlà Oòrùn. Ní Oṣù Kejì ọdún 2018, nígbà tí Alhaji Lai Mohammed jẹ́ mínísítà fún ètò ìròyìn, wọ́n ṣí i ní Òṣogbo. Ìlú Èkó tó tóbi tó yẹn kò rí tirẹ̀ títí di Oṣù Kẹrin ọdún 2021.

Ó yẹ kí iwájú tí Ọ̀ṣun wà yìí di àǹfààní fún àwọn ará ibẹ̀. Àmọ́ ìfilọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí ìmúṣẹ. Ètò tí ìjọba ṣe pẹ̀lú owó tó ń bá aráàlú san lórí dìkódà kò lè tẹ̀ síwájú bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ 13 ni ìjọba fún láṣẹ láti máa ṣe dìkódà nílé, kí owó má baà máa lọ sókè òkun, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló ríṣẹ́ ṣe. Gbèsè pọ̀ lọ́rùn iṣẹ́ náà débi pé ní Oṣù Kejì ọdún 2021, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ní láti fọwọ́ sí bílíọ̀nù 9.4 náírà láti fi san án kí iṣẹ́ tó lè tún gbéra. Ní ọdún 2025, ìjọba Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tún fọwọ́ sí bílíọ̀nù 10 náírà fún iṣẹ́ kan náà.

ÌWÓ LÁÀRIN ÌBÀDÀN ÀTI ÒṢOGBO

Ìṣòro Ìwó tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí i pé Ìwó wà láàrin ìlú ńlá méjì. Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Ìwó, nǹkan bíi kìlómítà 40 ni yóò fi dé Ìbàdàn, yóò sì tó nǹkan bíi kìlómítà 45 kó tó dé Òṣogbo. Ìyẹn ni pé ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni Ìwó wà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn sún mọ́ ọn ju Òṣogbo tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ayé àtijọ́, èyí kò kúkú burú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn ìpínlẹ̀ yóò yí éríà rẹ̀ sí Òṣogbo, kó lè rí OSBC tó wà ní Òkè-Báálẹ̀. Bó bá wù ú, yóò yí i padà sí Ìbàdàn. Éríà kan, ìlú méjì, kò sí owó kankan. Ẹni tó bá fẹ́ wo àwòrán méjì lálẹ́ kan náà ló mọ iye ìgbà tí yóò rán ọmọ jáde.

Nínú ètò díjítà, nǹkan yí padà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò sí nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí fún, nítorí náà, ẹni tó bá n'Ìwó tó ra dìkódà FreeTV ní ọdún 2018 kò lè retí pé Ìbàdàn yóò gbà á sílẹ̀ bí ti Òṣogbo bá kọ̀. Òpó tó wà ní tòsí olú ìlú, bó ti wù kó lágbára tó, agbára rẹ̀ máa ń rẹ̀ bó bá ti ń jìnnà. Òkè, igi ńlá àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà máa ń dí i lọ́wọ́. Àwọn tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe mọ̀ pé ní irú ibi báyìí, éríà inú ilé kéékèèké tí wọ́n ń tà mọ́ dìkódà kò lè ṣiṣẹ́. Àfi kí èèyàn na éríà síta, kó ga, kó sì kọjú síbi tó yẹ. Bí Ìwó ṣe rí yìí náà ni àwọn ìlú tó wà ní etí ìpínlẹ̀ níbi gbogbo rí, ohun tó sì yẹ kí ìjọba ṣe ni kó ri òpó kékeré mọ́lẹ̀ nítòsí wọn láti máa ta á látagbà.

OHUN TÍ ARÁÀLÚ Ń SỌ

Èrò àwọn èèyàn kò dọ́gba lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan wà tí wọ́n ní díjítà dára, pé àwọn tó ń lò ó ní Abuja àti Jos rí ìkànnì bíi 30 láìsan owó oṣooṣù, wọ́n sì rí eré ọmọdé, ìròyìn, fíìmù àti ẹ̀sìn. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ń kọ̀ ọ́ dà bí ẹni tó ń kọ iná mànàmáná nítorí pé fìtílà ṣì wà nílé.

Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn ni orúkọ "ọ̀fẹ́" yẹn. Wọ́n ní dìkódà kì í ṣe ọ̀fẹ́, éríà kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹni tó bá wá so ó kò ní ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ wọ́n á tún ní kí èèyàn forúkọ dìkódà sílẹ̀ kí wọ́n tó jí i. Ẹni tó bá ti san gbogbo èyí tán, tí àwòrán sì ń gé, yóò gbà pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n kò wúlò níbi tí kò sí iná, ọ̀pọ̀ ilé ní ìgbèríko sì ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí dúró de iná. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó epo bẹtiróòlù ti wọ́n kọjá ohun tí ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lè máa rà sínú jẹnẹrétọ̀ láti fi wo ìròyìn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbà fi padà sídìí rédíò oníbátìrì. Inú wọn yóò dùn láti mọ̀ pé ètò yìí kò kan rédíò. Ti tẹlifíṣọ̀n nìkan ni, rédíò FM àti AM wọn kò ní tìtorí rẹ̀ dákẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn ní fóònù ni àwọn ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fóònù ń jẹ dátà, dátà sì ń jẹ owó. Ẹrù tí ọmọ lè gbé lè ti wúwo jù fún bàbá rẹ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn tó tún jinlẹ̀ ni ti èdè. Àwọn àgbà ń béèrè pé nínú ìkànnì 30, mélòó ló ń sọ Yorùbá? Mélòó ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Ìwó, ní Ẹdẹ tàbí ní Èjìgbò? Bí ìkànnì bá pọ̀ bí eéṣú, tí kò sì sí èyí tó mọ orúkọ ìlú ẹni, ìpọ̀jù rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan fún ẹni tó ń wò ó.

BÍ ÀWỌN MÌÍRÀN ṢE ṢE É

Nàìjíríà kọ́ ló kọ́kọ́ rin ọ̀nà yìí, ẹ̀kọ́ sì wà lára àwọn tó ti rìn ín kọjá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pa gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Whitehaven ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, wọ́n wá ń lọ láti agbègbè sí agbègbè títí wọ́n fi parí ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2012. Wọ́n ṣètò pàtàkì fún àwọn tó ti pé ọdún 75 àti àwọn aláàbọ̀ ara. Wọ́n ń rán èèyàn lọ sílé wọn láti so dìkódà, láti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe tẹ rìmóòtù, àwọn tálákà nínú wọn kò sì san kọ́bọ̀.

Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ pín ìwé ẹ̀dínwó 40 dọ́là, méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan tó bá béèrè. Nígbà tí owó ìwé náà tán, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì rí i gbà, wọ́n sún ọjọ́ náà láti Oṣù Kejì sí ọjọ́ 12 Oṣù Kẹfà ọdún 2009. Wọn kò ka sísún un sí ìtìjú, nítorí wọn kò fẹ́ kí arúgbó jí láàárọ̀ kó bá tẹlifíṣọ̀n tó ti kú.

Ní Áfíríkà, Tanzania bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ ní Dar es Salaam ní ìparí ọdún 2012. Ti Kenya le díẹ̀. Ní Oṣù Kejì ọdún 2015, àríyànjiyàn láàrin ìjọba àti àwọn onílé-iṣẹ́ jẹ́ kí ìkànnì mẹ́ta tó tóbi jù, NTV, KTN àti Citizen, kúrò lójú afẹ́fẹ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn òǹwòran ló jìyà ìjà tí wọn kò dá sílẹ̀. Ní South Africa, ilé ẹjọ́ ní láti dá ìjọba dúró ní Oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ pa á ku ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé àwọn ìdílé tálákà kò tíì rí dìkódà gbà.

KÍ ÈÈYÀN TÓ RA DÌKÓDÀ

Títí di ọdún 2025, Nàìjíríà kò tíì pa tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti sáré kó owó fún ẹni tó bá ní ọ̀la ni wọn yóò pa á. Ẹni tó bá fẹ́ ra dìkódà, ó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Kó béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tó ti ń lò ó bóyá àwòrán ń dúró. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo lè má ṣiṣẹ́ n'Ìwó, ohun tó bá ṣiṣẹ́ lórí òkè lè má ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ odò. Kó ní kí ẹni tó ń tà á wá so ó nílé kó tó san owó tán. Kó gba rìsíìtì.

Kó mọ ìyàtọ̀ láàrin èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ àti èyí tó jẹ́ ti olówó. GOtv àti StarTimes náà ń lo díjítà tí ń gba orí òpó wá, wọ́n sì ń ṣe dìkódà tó jọra, ṣùgbọ́n owó ìwòran ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá ra ọ̀kan nínú wọn, tó rò pé FreeTV lòun rà, yóò gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí oṣù bá parí.

Kó má sì ju tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn gbọ̀ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù. Bí ó bá ṣì ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà aláwọ̀ mẹ́ta bọ̀, ó lè bá dìkódà ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní kò wúlò mọ́ lè jẹ́ pé tuntun ló fẹ́ tà.

Ní ọdún 2025, àjọ NBC tó ń mójú tó ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n fi ọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú NIGCOMSAT láti máa fi sátẹ́láìtì orílẹ̀-èdè yìí gbé ìkànnì ọ̀fẹ́ kiri. Bó bá rí bí wọ́n ṣe wí, ó lè ran irú ìlú bí Ìwó lọ́wọ́, nítorí pé ojú ọ̀run ni sátẹ́láìtì ń wò, kò bìkítà fún ìjìnnà Òṣogbo. Àmọ́ ó nílò àwo sátẹ́láìtì lórí òrùlé, àwo náà owó ni. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ láti ọdún 2018 náà ló tún padà dé: ta ni yóò san án fún bàbá àgbà tó wà lábúlé?

OHUN TÍ WỌ́N Ń BÉÈRÈ

Ohun tí àwọn òǹwòran ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ìjọba sọ ọjọ́ kan pàtó, kó sì kéde rẹ̀ lédè Yorùbá lórí rédíò, ní ọjà, ní mọ́sálásí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, kó tó pa ohunkóhun. Kó rí i dájú pé àwòrán dé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kó máà jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ nìkan. Kó ṣètò ìrànwọ́ fún àwọn arúgbó bí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe. Kó sì pàṣẹ pé kí àwọn ìkànnì tó ń sọ èdè ìbílẹ̀ wà nínú èyí tí kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìjọba ti gba owó ojú òpó afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníléeṣẹ́ fóònù. Ó dà bí ẹni tó ta ilẹ̀ kí àwọn tó ń gbé orí rẹ̀ tó rí ibòmíràn kó lọ. Àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ ọ̀hún ni òǹwòran Ìwó, Ilé-Ogbó, Èjìgbò àti gbogbo ìgbèríko Nàìjíríà. Bí wọn kò bá tíì rí ilé tuntun wọ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wó àtijọ́ lé wọn lórí.